Scat Pack, Hellcat, Dark Horse tàbí Charger tuntun: kí ni $60,000 ń rà gan-an?

Àrìnnàkò77

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. $60,000 ló wà nílẹ̀ fún muscle car kan (ọkọ̀ Amẹ́ríkà ẹlẹ́ńjìnì ńlá) tí yóò máa gbé ní Texas. Ojoojúmọ́ ni yóò máa lọ síbi iṣẹ́. Pápá ìsáré, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Mẹ́rin ló wà lójú: Dodge Challenger Scat Pack 392 àlòkù (392 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì 6.4 lítà rẹ̀), Challenger Hellcat àlòkù, Ford Mustang Dark Horse, àti Dodge Charger tuntun tí wọ́n fi ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà sí. Mo fẹ́ mọ ohun tí owó náà ń rà nínú ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ níbẹ̀, àti ìdí tó fi ń bàjẹ́.

Ṣírò_kó_pé

Ẹ kú ìbéèrè. Ká tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká pín owó ọkọ̀ sí iye agbára ẹṣin rẹ̀. Owó tí ilé-iṣẹ́ kéde nígbà tí ọkọ̀ jáde ni mo lò, pẹ̀lú owó gbígbé e dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, àyàfi níbi tí mo bá ti sọ òmíràn.

Challenger Scat Pack 2015: $38,490, ẹṣin 485. Ẹṣin kan bọ́ sí $79.
Hellcat ọdún kan náà: $60,990, ẹṣin 707. $86.
Mustang GT 2024: $43,090, ẹṣin 480. $90.
Challenger Demon 170 ti 2023: $96,666 láìka owó gbígbé, ẹṣin 1,025. $94.
Shelby GT500 2020: $73,995, ẹṣin 760. $97.
Charger Scat Pack onílẹ̀kùn méjì ti 2026: $54,995, ẹ fi $1,995 owó gbígbé kún un, ẹṣin 550. $104.
Dark Horse 2024: $59,565, ẹṣin 500. $119.

Ẹ wò ó dáadáa. Lára márùn-ún àkọ́kọ́, láti ọkọ̀ $38,000 títí dé ti $97,000, owó ẹṣin kan kò kúrò láàárín $79 sí $97. Bí muscle car ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ́ńjìnì ńlá lówó pọ́ọ́kú, àwọn nǹkan yòókù á tẹ̀ lé e bí wọ́n bá rí àyè. Àmọ́ ẹ rántí pé dọ́là 2015 kì í ṣe ẹgbẹ́ dọ́là 2026, nítorí náà Charger tuntun kò wọ́n tó bí ó ṣe rí lójú ìwé. Dark Horse ní tirẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, torí kì í ṣe ẹṣin nìkan ló ń tà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún Àbíkẹ́.

Owó kan wà tí àwọn tó ń ra tuntun máa ń gbàgbé. Láti òfin 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń gba owó orí lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń jẹ epo jù, èyí tí wọ́n ń pè ní gas guzzler tax. Ọkọ̀ tí kò bá lè rin maili 22.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìdánwò wọn ló ń san án, láti $1,000 dé $7,700. $2,600 rẹ̀ wà nínú $73,995 ti GT500 tí mo kọ sókè yẹn. Nínú $60,990 ti Hellcat, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ra àlòkù kì í san án mọ́. Jíìpù kì í san án rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí Durango Hellcat ẹlẹ́ṣin 710 bọ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì 6.2 lítà ti Hellcat kan náà ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọmọ_Ògún

Ẹ̀gbọ́n Ṣírò, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú Hellcat, torí òun ni àwọn èèyàn ń rà láìmọ ohun tí wọ́n rà.

Ẹ́ńjìnì 6.2 lítà ni, sílíńdà mẹ́jọ, block rẹ̀ jẹ́ irin gidi, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Orí rẹ̀ ni supercharger 2.4 lítà jókòó sí, oníṣúkúrúù méjì tí ń yí wọ inú ara wọn. Bẹ́líìtì tó ti ara crankshaft (ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí) wá ló ń yí i, eré rẹ̀ sì lè dé 14,600 ní ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ inú sílíńdà ń dé 11.6 psi (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́). Yíyí supercharger yẹn nìkan ń gba nǹkan bí ẹṣin 80 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Ẹ ro ìyẹn wò: gbogbo agbára ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n ń ná láti fi fẹ́ atẹ́gùn. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ti fún pọ̀ kó tó wọlé, wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kù sí 9.5 sí 1. 392 tí kò ní supercharger jẹ́ 10.9 sí 1.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bí a bá ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, á gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í nípọn, epo inú rẹ̀ sì lè dédé gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ́ńjìnì ń fi ń nọ́ọ̀kì. Nítorí náà, wọ́n fi intercooler olómi méjì (ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ yẹn) sínú ilé supercharger, wọ́n fún wọn ní rédíétọ̀ tiwọn, pọ́ǹpù tiwọn àti ike omi tiwọn, yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnì. Bí pọ́ǹpù yẹn bá kú, tàbí tí atẹ́gùn há sínú páìpù rẹ̀, rédíétọ̀ ńlá ò ní fi hàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ ooru lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á dúró síbi tó máa ń dúró sí. Brain box ló máa gbọ́ ìnọ́ọ̀kì, á sì fa àkókò ìtanná sẹ́yìn, ọkọ̀ á wá máa wúwo. Ẹni tó ń wà á á sọ pé oòrùn Texas ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó ṣe báyìí. Kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù mọ́jú kó tó lọ wò ó. Kó ṣí ike omi intercooler: ó gbọ́dọ̀ kún dé àmì, omi rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rá. Bí omi ibẹ̀ bá ń dínkù láìsí ẹ̀rí jíjò nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí intercooler máa jò sínú ẹ́ńjìnì, omi kì í sì í fún pọ̀: ó lè tẹ rọ́ọ̀dù písítìn. Kó tanná sí i, kó tẹ́tí sí iwájú supercharger. Híhun bí oyin, tirẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ ẹ díẹ̀, bearing tàbí coupling iwájú ti ń jẹ. Lẹ́yìn náà kó béèrè kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Pupa ló ń ṣí gbogbo ẹṣin 707. Dúdú ń dá a dúró sí 500. Ẹni tí kò bá ní pupa lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè ibi tó wà.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún le. Redeye ní supercharger 2.7 lítà, 14.5 psi, ẹṣin 797. Demon 170 ní ti 3.0 lítà, 21.3 psi, ẹṣin 1,025, ṣùgbọ́n orí E85 nìkan, ìyẹn epo tí ọtí ethanol pọ̀ nínú rẹ̀. Lórí epo octane 91 lásán (octane ni òṣùwọ̀n bí epo ṣe ń kọ ìnọ́ọ̀kì), ẹṣin 900 ló ń fún ni. Ẹṣin 125 tó wà láàárín méjèèjì, epo ló ni ín: ethanol ń tu afẹ́fẹ́ lára bó ṣe ń gbẹ, kì í sì í yá nọ́ọ̀kì. Ẹni tí kò ní ilé epo E85 nítòsí ti san owó ohun tí kò ní lò.

Bàbá_Písítìn

Ọmọ_Ògún, o káre. Jẹ́ kí n mú 392 àti ẹ́ńjìnì 5.7 lítà tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù lórí àyẹ̀wò tí kò tọ̀nà.

Gbogbo ayé ló ti gbọ́ nípa ìró Hemi (orúkọ ìdílé àwọn ẹ́ńjìnì Dodge wọ̀nyí), tik-tik-tik. Ohun méjì ló máa ń fa á, wọn kò sì jọra rárá. Èkíní: bóòtù tó de exhaust manifold mọ́ top sílíńdà máa ń já, pàápàá ti ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ooru pọ̀ sí. Manifold máa ń ṣẹ́ra bó ṣe ń gbóná tó sì ń tutù, á máa fa orí bóòtù títí yóò fi já. Ìró yẹn máa ń pariwo ní àárọ̀ tí ẹ́ńjìnì tutù, á sì dínkù tàbí kó parí bí irin bá gbóná tó fẹ̀. Wa tọ́ọ̀ṣì, wo ẹ̀yìn manifold: tí o bá rí ihò láìsí orí bóòtù, tàbí èéfín dúdú lára gásikẹ́ẹ̀tì, o ti rí i. Wọ́n á yọ ìdí bóòtù tó kù sínú, wọ́n á pààrọ̀ gbogbo wọn àti gásikẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tó ní sùúrù nínú ni, ṣùgbọ́n kì í pa ẹ́ńjìnì.

Èkejì ló ń pa á. Tápẹ́ẹ̀tì Hemi ní táyà kékeré kan nísàlẹ̀ tó ń yí lórí camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), abẹ́rẹ́ tíntìntín ló sì gbé táyà yẹn dúró. Tí àwọn abẹ́rẹ́ yẹn bá fọ́, táyà kò ní yí mọ́, á máa há camshaft bí ìgbà tí a ń fi fáìlì ha irin. Ọ̀pọ̀ atọ́kọ̀ṣe gbà pé ìdúró-láìrìn ló ń dá kún un: camshaft wà lókè nínú block yìí, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá sì ń dún jẹ́ẹ́jẹ́, crankshaft kì í ta ọ́ìlì sókè tó. Ìró tirẹ̀ kì í lọ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Bó bá pẹ́, brain box á gbé àṣìṣe jáde, láti P0301 dé P0308, nọ́ńbà ìparí ni sílíńdà tí kò jó. Gé fílítà ọ́ìlì rẹ̀ sí méjì, tú bébà inú rẹ̀ sórí aṣọ funfun, gbé e sí oòrùn. Bó bá ń dán bí ìdà wẹ́wẹ́, má jẹ́ kí wọ́n tà á fún ọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kékeré, torí tápẹ́ẹ̀tì Hemi kò ṣeé yọ láìṣí top sílíńdà méjèèjì. Camshaft gba iwájú jáde, èyí tó túmọ̀ sí pé rédíétọ̀, ìbòrí iwájú ẹ́ńjìnì àti ṣéènì gbọ́dọ̀ kúrò. Tápẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni kí wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó kú nìkan. Bóòtù top sílíńdà jẹ́ irú èyí tó ń nà tí wọ́n bá ti fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá sì tún un ṣe láìfọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì àti oil cooler ti fi irin wẹ́wẹ́ sílẹ̀ de bearing tuntun.

MDS náà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń pa sílíńdà 1, 4, 6 àti 7 lójú ọ̀nà gbọọrọ láti fi ṣọ́ epo. Oní-jíà ọlọ́wọ́ (manual) kò ní i, Hellcat náà kò ní i. Fún mi, Scat Pack oní-jíà mẹ́fà ọlọ́wọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ọ́ìlì: 392 àti Hellcat ń gba 0W-40, quart 7. 5.7 ń gba 5W-20, quart 7 náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé ọ́ìlì kánjú-kánjú da 5W-20 sínú 392 torí pé «Hemi ni gbogbo rẹ̀». Púlọ́ọ̀gì 16 ló wà nínú rẹ̀, méjì fún sílíńdà kan; ẹni tó bá sọ pé òun pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó fi rìsíìtì 8 hàn yín, ìdajì ló ṣe.

Àbíkẹ́_Coyote

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lórí Mustang.

Coyote, ẹ́ńjìnì Mustang GT àti Dark Horse, jẹ́ 5.0 lítà, camshaft mẹ́rin, ìfúnpọ̀ 12 sí 1, kò sí supercharger. Ọ̀nà tó ń gbà rí agbára yàtọ̀ sí ti Hemi: ó ń sáré yíyí, nítorí náà agbára rẹ̀ wà lókè. Láti 2018 ni wọ́n ti fún un ní nọ́súlù méjì fún sílíńdà kan, ọ̀kan ń fọ́n epo sínú sílíńdà tààrà, èkejì ń fọ́n ọn sí ẹ̀yìn fáàfù. Ìkejì yẹn ń fọ fáàfù, nítorí náà èédú kì í gùn ún bí ó ṣe ń gun ti ẹ́ńjìnì tó ń fọ́n sínú nìkan.

Níbo ni $16,000 tó wà láàárín GT àti Dark Horse lọ? Ẹṣin 20 péré ló fi ju GT lọ. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀dù písítìn rẹ̀ ni èyí tí wọ́n lò nínú GT500, jíà ọlọ́wọ́ rẹ̀ ni Tremec TR-3160, irú èyí tó wà nínú Shelby GT350, dípò MT82 ti GT tí àwọn èèyàn ti ń ráhùn lé lórí fún ọdún púpọ̀ pé ó máa ń kọ jíà nígbà tí ó bá tutù tàbí tí wọ́n bá sáré fà á. Ohun ìtutù fún jíà àti differential wà níbẹ̀, shock absorber MagneRide náà wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ń lọ sí pápá tí a ń yí kọ́nà nínú rẹ̀, ohun tí ò bá padà rà lọ́tọ̀ nìyẹn. Fún ẹni tó fẹ́ sáré gbọọrọ láti iná kan sí iná kejì, GT tó, kó fi ìyókù ra táyà.

Ohun tó ń bàjẹ́: jíà inú oil pump Coyote. Ìyẹ̀fun irin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Lórí ọkọ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn, kò ní wàhálà. Bí wọ́n bá gbé supercharger lé e, tí ẹ́ńjìnì wá ń lu òpin eré rẹ̀ léraléra, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọ́ìlì á dúró lójú ẹsẹ̀, bearing ò sì ní pé ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ra Mustang àlòkù tó ní supercharger, kó béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ jíà oil pump àti sprocket crankshaft sí ti irin líle. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

Quart 10 ọ́ìlì ni 2018 sókè ń gbà. Ìró bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tí ó bá gbóná, ọ̀pọ̀ ló ní i, kì í sábà pa á lára.

GT350 kò sí nínú ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i ní àyíká owó yẹn. Ẹṣin 526, ó ń yí dé 8,250, ìró rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́. Ó tún máa ń mu ọ́ìlì. Ẹni tí kò bá ní fa dipstick rẹ̀ wò nígbàkígbà tó bá ra epo, kó má rà á.

Àrìnnàkò77

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè méjì. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń jí Hellcat ju ọkọ̀ mìíràn lọ? Àti pé, bí mo bá ra Hellcat, wọ́n ní púlì kékeré kan lè fún mi ní ẹṣin tó ju ti Redeye lọ lówó táṣẹ́rẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ṣírò_kó_pé

Lórí olè: òótọ́ ni. Highway Loss Data Institute tó ń kó ìṣirò jọ fún àwọn adójútòfò sọ ní 2023 pé jíjí Charger Hellcat ti 2020 sí 2022 ju ìlọ́po ọgọ́ta ti ọkọ̀ lásán lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ pe adójútòfò yín pẹ̀lú VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe orúkọ «Challenger» lásán. Owó oṣooṣù tí wọ́n máa bù fún 707 àti fún 485 lè jìnnà síra débi pé òun gan-an ló máa pinnu fún yín.

Ní 2021, Dodge gbé àtúnṣe sọ́fítíwíà kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn 2015 dé 2021 tó ní 392 tàbí supercharger. Bí ẹni tó tanná kò bá tẹ nọ́ńbà àṣírí, ẹ́ńjìnì ò ní kọjá 675 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ ò sì ní tó ẹṣin 3. Olè ò lè bá ìyẹn sá. Kí alágbàtà fi VIN yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣe é lára èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ sọ lórí owó: alágbàtà kò sí lábẹ́ dandan láti tà ní iye tí ilé-iṣẹ́ kọ. Bí ẹ bá rí ìwé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ojú gíláàsì tó kọ «market adjustment», èrè afikún tiwọn ni. Kò fi nǹkan kan kún ọkọ̀. Ẹ pe alágbàtà mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ gba iye lórí ìwé, kí ẹ tó jókòó síwájú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Ògún

Lórí púlì: ẹṣin á wá, kò sí irọ́ níbẹ̀. Púlì òkè tó kéré ń jẹ́ kí supercharger yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé mi lẹ́sẹẹsẹ.

Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ gbọ́dọ̀ rí epo tó pọ̀. Nọ́súlù àti pọ́ǹpù epo tó wà nílẹ̀ ní ibi tí agbára wọn mọ. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjá ibẹ̀, àdàpọ̀ inú sílíńdà á gbẹ, ooru á gòkè, ibi tí ring jókòó sí lára písítìn á já. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fi púlì sí i ló máa ń já. Ọjọ́ tí oòrùn mú jù lọ, ní jíà kẹrin, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní ilẹ̀, ni.

Brain box gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Láti 2015 ni ilé-iṣẹ́ ti ti brain box wọ̀nyí pa. Kò ṣeé kọ àwòṣe tuntun sí i láìpààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n ti ṣí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti tún ẹ́ńjìnì tàbí jíà ṣe lábẹ́ wáràntì. Bí ẹ bá ń ra àlòkù tó ti padà sí púlì àtilẹ̀wá, ẹ jẹ́ kí alágbàtà fi ẹ̀rọ wo VIN inú brain box bóyá ó bá ti ọkọ̀ mu.

Bẹ́líìtì tún wà. Púlì kékeré kò ní ojú púpọ̀ tí bẹ́líìtì lè dì mú, á máa yọ̀. Bí psi bá ń lọ sókè tó wá ń já wálẹ̀ lókè eré, ìyẹn ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹṣin 797, ẹ ra Redeye. Redeye wá pẹ̀lú pọ́ǹpù epo tó tó, ohun ìtutù tó tó, àti wáràntì. Owó púlì nìkan kọ́ ni owó iṣẹ́ yìí.

Kámárò_1LE

Gbogbo yín ti gbàgbé Chevrolet. Camaro SS: LT1 6.2 lítà, ẹṣin 455, kò sí supercharger, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Challenger lọ. Kọ́nà ni ibi rẹ̀. Èyí tó ní jíà ọlọ́wọ́ kò ní ẹ̀rọ tó ń pa sílíńdà, nítorí náà ó bọ́ nínú wàhálà tápẹ́ẹ̀tì tó ń yọ àwọn tó ní jíà aládàáṣe (automatic) lẹ́nu. Àléébù rẹ̀: inú sílíńdà nìkan ló ń fọ́n epo sí, nítorí náà èédú ń gun ẹ̀yìn fáàfù. Bí ó bá ń gbọ̀n nígbà tí ó tutù, tó sì ti rìn maili púpọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ẹnu intake.

ZL1 ní LT4, ẹṣin 650, supercharger 1.7 lítà. Ó kéré, nítorí náà ó ń yí kíákíá, ó sì ń gbóná. Ìyẹn ló mú kí wọ́n fi ohun ìtutù mọ́kànlá sí i lára. Ẹ ka iye tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó rà á, torí ìkọlù kékeré níwájú máa ń ba wọn jẹ́, àwọn kan á sì fi gíríìlì tuntun bò ó mọ́lẹ̀. Àwòṣe 2024 ló kẹ́yìn, nítorí náà àlòkù ni gbogbo rẹ̀ báyìí.

Ọmọ_Ògún

Òótọ́ ni, ẹ má bínú. Ó ku Charger tuntun. Ẹ́ńjìnì Hurricane ni, 3.0 lítà, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, turbo méjì (ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnì ń yí láti ti afẹ́fẹ́ wọlé). Èyí tó rọ̀ jẹ́ ẹṣin 420, èyí tó le jẹ́ 550. Kò ní irin ìbòrí nínú sílíńdà. Irin yíyọ́ ni wọ́n fọ́n sára ògiri alumíníọ̀mù, èyí tó ń jẹ́ kí ooru tètè jáde. Ó tún jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tì, nítorí náà ẹṣin 550 rẹ̀ wúlò nínú òjò ju 707 Hellcat tó ń fi táyà ẹ̀yìn méjì bá ọ̀dà jà. Ohun tí turbo ń fẹ́ kò yí padà: ọ́ìlì tó mọ́, lásìkò. Ọ́ìlì kan náà tó ń tu ẹ́ńjìnì ló ń gba inú bearing turbo kọjá, bó bá sì jóná di èédú níbẹ̀, ọ̀pá turbo á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Àwọn tó fẹ́ ìró Hemi ò ní gbà fún un. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wà á lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Lekki_V8

Ẹ kú àṣàrò o. Ẹ jọ̀ọ́, àwa tó ń gbé tokunbo wọ Èkó ńkọ́? Ìwé Scat Pack kọ 91 síbi epo. Mo rí i pé 91 náà ni òṣùwọ̀n epo tí wọ́n ń sọ níbí. Ṣé kò sí wàhálà nígbà náà?

Bàbá_Písítìn

Wàhálà wà, àbúrò, torí 91 méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dán epo wò, RON àti MON. Nọ́ńbà tó wà lára pọ́ǹpù Amẹ́ríkà ni àròpọ̀ méjèèjì tí wọ́n pín sí méjì. Níbi tí wọ́n ti ń ka RON nìkan, nọ́ńbà máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. 91 ti Amẹ́ríkà bọ́ sí nǹkan bí 95 tàbí 96 RON. RON 91 sì jẹ́ nǹkan bí 87 ti Amẹ́ríkà, èyí tó rẹlẹ̀ jù lára pọ́ǹpù wọn.

Nítorí náà, lórí epo RON 91: 5.7 ló rọrùn jù, torí 89 ni wọ́n fẹ́ fún un ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ gba 87. 392 á rìn, brain box á máa fa ìtanná sẹ́yìn, ẹṣin 485 tí o san owó rẹ̀ kò ní pé. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ooru ọ̀sán. Hellcat, mi ò gbà ọ́ níyànjú. Afẹ́fẹ́ 11.6 psi pẹ̀lú epo tó rẹlẹ̀ lè nọ́ọ̀kì kí sensor tó gbọ́, ìnọ́ọ̀kì mélòó kan sì ti tó láti fọ́ písítìn. Àwọn ìgò kéékèèké tí wọ́n ń tà pé wọ́n ń gbé octane sókè, ohun tí wọ́n ń fi kún táńkì odindi kò tó nǹkan. Má gbẹ́kẹ̀ lé wọn.

Kí o sì tó sanwó rárá, ka lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹjọ nínú VIN, torí àmì «GT» àti «SRT» ṣeé rà lọ́jà. Lára Challenger: G ni V6 3.6, T ni 5.7, J ni 392, 9 ni 6.2 onísupercharger. Lára Mustang láti 2015 dé 2023: H ni 2.3 onísílíńdà mẹ́rin, F ni 5.0. Wọ́n tún máa ń tẹ nọ́ńbà ìparí VIN sára block ẹ́ńjìnì. Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, fi wé ti iwájú gíláàsì. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní òkìtì ìkọlù lè ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mìíràn nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ̀ pé.